Obìnrin Tí Ìyá Kankan Kò Bí

                                        Rumiloma,
                                        Ọ̀nà Girón,
                                        Azuay, Ecuador.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Piedad ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni Murcia wà? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú ṣì ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè ọ́? Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé bírò ni mo fi kọ èyí. Wọ́n lè ṣe ayédèrú ohùn mi lórí fóònù báyìí, ṣùgbọ́n ta ló lè kọ ìkọkúkọ tó tèmi?

Ọ̀rọ̀ awakùsà yẹn náà ni. Láti ìgbà tí mo ti ṣíwájú àwọn tó ní kí wọ́n má gbẹ́ orísun omi wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Maribel ti yọjú nínú fọ́nrán lórí ayélujára. Ó ní opó lòun ní Cuenca, pé a ti jọ jà fún omi rí, pé ojú òun báyìí ni mo ṣe ta omi náà fún awakùsà. Á máa sunkún, á ní ọmọ òun ń ṣàìsàn. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Girón ló fi hàn mí pé ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ló ya ojú náà, pé ojú yìí kan náà ń jẹ́ Lorena níbòmíràn, níbi tó ti ń ba ẹlòmíràn jẹ́. Ìyá kankan kò bí i, Piedad. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni àwọn ará abúlé wa ń kí i pé kí Ọlọ́run bá a wo ọmọ. Èmi tí wọ́n ti mọ̀ láti ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò bí mo bá ń kọjá.

Sátidé tó kọjá, a ṣọ̀wẹ̀, a kó ẹrẹ̀ kúrò lójú omi. Lọ́sàn-án, a tẹ́ aṣọ sílẹ̀, oníkálùkù da oúnjẹ rẹ̀ sí i bí a ti máa ń ṣe. Mo da ẹ̀wà àti àgbàdo sísè tèmi náà. Wọ́n jẹun yí i ká, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo kó o padà sápò, mo ń ṣẹ̀rín. Ó dùn mí dénú egungun, n ò ní purọ́ fún ọ.

O mọ Tránsito komádre mi, èmi ni mo gbé Nely ọmọ rẹ̀ ṣe ìrìbọmi tí a fi ń pe ara wa bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣàánú Maribel jù. Ó bèèrè ilé rẹ̀, Maribel sì fún un ní orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà. Lọ́jọ́ Ajé ó mú méjì nínú àwọn kúì, ẹran kékeré bí ẹmọ́, tó ń sìn lẹ́bàá àdògán, ó sun wọ́n, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cuenca. Ògiri lásán ló bá níbẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì ní Tránsito lẹnì kẹrin tó gbé oúnjẹ wá fún ògiri náà. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ó bá a. Òótọ́ tèmi yìí ń rìn bí ìgbín.

Lánàá Tránsito kanlẹ̀kùn. Oṣù mẹ́rin rèé tí kò ti yà sọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn débi pé mo kọsẹ̀ lára àga. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi, ó ní, "Komádre, mo gbé kúì fún ògiri jẹ." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn," ó ní. "Ṣùgbọ́n komádre, ohun tó sọ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ṣe é?"

Mo ní rárá. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun gbà.

Piedad, mo mọ̀ pé fọ́nrán náà ti dé Murcia, torí láti Kérésì n ò gbúròó rẹ. Bí ìbéèrè yẹn bá wà lọ́kàn rẹ, bi mí. N ò ní bínú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ ni n ò lè fara dà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi.

Èmi kan náà tí o ti mọ̀ rí ni,
Zoila.