Ṣalángá Ta Ni?

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Taífọ́ọ̀dù tún ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tó ń ṣe Peace, ọmọ mi, láàárín oṣù mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ní ká yẹ kànga wa wò. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Ọ̀gá Ààlà — ọkọ mi, tí gbogbo ọ̀rọ̀ máa ń já sí ààlà lẹ́nu rẹ̀ — ní ṣalángá Mùtíátù, aládùúgbò wa, ló ń ṣàn wọ kànga wa. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Ìlobù ni wá, Ìfọ́n ni wọ́n. Látìgbà tí ìlú méjèèjì ti jà lórí ààlà ilẹ̀, a kì í kí ara wa. Mo gba ọkọ mi gbọ́. Ó rọrùn láti gbà á gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo lọ bá Mùtíátù. N ò kí i. Mo ní kó lọ dí ṣalángá rẹ̀ kó tó pa mí lọ́mọ. Ó tún kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká dán an wò." Aláró ni, àdìrẹ ló ń ṣe l'Óṣogbo. Ó ní ká da aró búlúù sí ṣalángá tòun, pupa sí tiwa, ká máa wo kànga. Mo ní kò burú. Inú mi dùn pé àṣírí ẹ̀ fẹ́ tú.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Omi ṣì mọ́. Peace mu ògì ṣíbí mẹ́ta, ó bì í.

Ọjọ́rú, 11

Pupa.

Mo fa omi lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí búlúù kankan. Ṣalángá tiwa! Ọ̀gá Ààlà ló ní ká gbẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kó má baà sún mọ́ ààlà. Yéè, ọwọ́ ara wa la fi ṣe ara wa. Ó ní kí n dé kànga, kí n panu mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mùtíátù ti kan ilẹ̀kùn kí n tó ronú irọ́ tí mo máa pa. Kànga tiẹ̀ náà ti pọ́n. Kò pariwo. Ó ní Munirah, ọmọ òun, ti lé lọ́sẹ̀ kan ní ọsibítù — taífọ́ọ̀dù. Ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí mo lọ jágbe mọ́ ìyá rẹ̀. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo tó bí i. Ó ń fà mí dìde: "Háà, mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

Ọjọ́ Ẹtì, 13

A ti dí tiwa. Mùtíátù ní ká máa wá lo tàwọn, títí a ó fi jọ gbẹ́ òmíràn síbi tó jìnnà sí kànga méjèèjì. Omi mímu, ilé méjèèjì ń rà á pọ̀ lọ́wọ́ onítánkà. Ọ̀gá Ààlà ní òun ò ní yàgbẹ́ ní Ìfọ́n láéláé.

Ọjọ́ Ajé, 16

Ikùn ò mọ ààlà. Láàárọ̀ yìí, Ọ̀gá Ààlà gbé ike omi, ó ń yọ́ lọ sílé Mùtíátù. Mo rẹ́rìn-ín — ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Kíá ló padà dé, omi inú ike ò dín. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Wọ́n ń sunkún níbẹ̀. Munirah ti kú."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìgbẹ́ wa ló pa á.