Ọkọ̀ Kékeré Tí Ó Dúró Sábẹ́ Ibùsùn

Bàdírù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí mi ò tíì fojú rí. Kí Ọlọ́hun má fi ẹkún jí yín láàárọ̀. Tí o bá fẹ́ mọ bí mo ṣe wà, mi ò tíì kú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Charles télọ̀, aládùúgbò wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ki ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́.

Mo rí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí o fi rán awakọ̀ lọ́rí sí mi ní Kánò láti Èkó, tí o ní kó máa bá mi gbélé nítorí ikú Ramlat ìyá rẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé àpẹẹrẹ ni, pé ńlá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, mo sì ti ń wá àyè fún un nínú àgbàlá. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan tó tẹ̀lé e, mo ní kí Charles bá mi to ojú irin rẹ̀ yí yàrá ká, ó gba ẹnu ọ̀nà, ó gba abẹ́ ibùsùn, ó padà síbi àga mi.

Sípíríìtì tí o fi sínú ìgò pé kí n máa fi dá iná sí i nídìí, òórùn ọtí ló ń run, mo dà á sí gọ́tà. Ilé tí a ti ka fìdáù, ẹnì kan kò ní máa rọ irin lọ́tí níbẹ̀. Kẹrosíìnì àtùpà ni mo fún un, ó sì rú èéfín títí àjà ilé fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Charles ló wá sọ pé sípíríìtì yẹn ni wọ́n fi ń nu ìdí èèyàn kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Ohun tó ti kan ìdí mi láìmọye ìgbà, mi ò lè máa pè é ní haráámù mọ́. Mo ra òmíràn ní kẹ́mísì.

Ó sì rìn. Omi hó nínú rẹ̀, ó fọn fèrè, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ bí èyí tó máa ń kó goro mi wá láti ìsàlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Mo gbé ère obìnrin oníke kékeré tó bá ọkọ̀ náà wá, èyí tó gbẹ́rù lọ́wọ́, sínú ọkọ̀ èrò, ó lọ, ó sì padà wá bá mi. Bàdírù, gbogbo ọkọ̀ ojú irin tí mo mọ̀, èèyàn mi ni wọ́n ń kó lọ. Ó gbé ọ lọ sí Èkó. Ó gbé ìyá rẹ lọ gba ìwòsàn ní Ọ̀ffà, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Èyí nìkan ló ń dá èèyàn padà.

Àfáà Ṣàràfá wá wò ó, ó ní màlékà kì í wọ ilé tí ère bá wà. Mo ní màlékà tó bẹ̀ wá wò kẹ́yìn, ìyá rẹ ló mú lọ, bí àwọn yòókù kò bá fẹ́ wá mọ́, kí wọ́n jókòó sílé wọn.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ọkọ̀ náà wọ abẹ́ ibùsùn, lápá ibi tí ìyá rẹ máa ń sùn, kò jáde mọ́. Obìnrin yẹn sì wà nínú rẹ̀. Charles fẹ́ rá wọlé lọ fà á, mo lé e. Àlejò ló bá mi gbé ẹrù ìyá rẹ wálé, ó tó bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi kò sì tẹ̀ mọ́. Ńṣe ni mo jókòó tì í.

Ìwọ ni kó wá fà á jáde. Wàá rí tíkẹ́ẹ̀tì nínú lẹ́tà yìí. Àlọ àti àbọ̀ ni mo rà fún ìyá rẹ, inú àpò aṣọ rẹ̀ ni àbọ̀ yìí wà. Mo gbé e lọ sí téṣàn, akọ̀wé ní ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Mo bi í pé ṣé ìyàwó mi ti jókòó síbi tí mo sanwó fún ni? Ńṣe ló pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Rélùwéè ṣì jẹ mí ní èèyàn kan láti Ọ̀ffà dé Kánò.

Fi náírà márùn-ún ránṣẹ́ fún sípíríìtì àti ọ̀dà àjà ilé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lò ń bọ̀, má wulẹ̀ mówó wá. San owó ọkọ̀ láti Èkó dé Ọ̀ffà, kí o wá fi tíkẹ́ẹ̀tì yìí parí ìrìn náà.

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ọ lọ́nà. Kò ní jẹ́ kí o rin ìrìn tí kò ní àbọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè nínú ọkọ̀, sọ fún wọn pé àyè Ramlat lo jókòó sí.

Èmi ni bàbá rẹ.