Ẹran Iléyá Tí Àwọn Ayálégbé Rẹ Jẹ

Abdulbasit ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé ní Àbújá níbẹ̀, ìwọ àti Shakirah ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé ooru ibẹ̀ kò mú àwọn ọmọ jù? Níbí ní Ìlọ́bù, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n kò dí mi lọ́wọ́ ìrun. Sẹ̀kínát àbúrò mi ti kan òrùlé ilé rẹ̀ tán, ó kí ọ. Igi obì bàbá rẹ so dáadáa lọ́dún yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́ pé ẹ fẹ́ tà wọ́n.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Jùwọ́n tó ta ilé fún ọ sọ fún mi nígbà kan pé kò sí ohun tó kan ilé náà tí kò sí lórí fóònù òun. Mo wá rò ó pé bí gbogbo rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo bá bá ọ sọ náà lè wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Soliu awakọ̀. Bí mo sì ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ yìí, mo ti fi gèlè wé fóònù mi, mo gbé e sínú ìkòkò, mo dé e.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán, pé kí n fọwọ́ sí ìwé kí a ta oko obì náà, kí o lè fi owó rẹ̀ ra ilé kejì àti ìkẹta lọ́wọ́ Jùwọ́n ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. O ní ti àkọ́kọ́ ń mú owó wọlé lóṣooṣù, pé àwọn ayálégbé ibẹ̀ kì í pẹ́ san owó ilé rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Bàbá rẹ ní ayálégbé mẹ́ta kó tó kú, ọ̀kan nínú wọn máa ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde bó bá ti gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ. N kò tíì rí irú tìrẹ yìí rí.

Mo sì máa ń wo àwòrán ilé náà tí o fi ránṣẹ́. Obìnrin kan wà níwájú rẹ̀ tó wọ aṣọ funfun, ó fa ajá kan dání, ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Mo gbà pé ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé rẹ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o bá mi sọ fún un kó so ajá náà mọ́lẹ̀ bí mo bá ń bọ̀, nítorí àlùwàlá mi. Ńṣe lo rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé láti ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ obìnrin náà kò tíì kanlẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé nínú ìdílé wa, a kì í pín ẹran Iléyá ká yọ ẹni tó ń gbé inú ilé wa sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn. Mo sọ fún ọ pé lọ́jọ́ kejì ọdún, n óò gbé ti àwọn ayálégbé rẹ lọ fún wọn, kí n sì kí wọn kú ilé tuntun. Mo dín in, mo kó o sínú kúlà, Gàfárù ọlọ́kadà gbé mi. Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ Ìlọ́bù ti ń tán, ó pa ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ibi tí òun lè dé nìyí, pé láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará Ìfọ́n, òun ti ṣèlérí fún ìyàwó òun pé òun kò ní wọ ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Mo ní ẹran ni mo gbé, n kò gbé ìjà. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò wá lókèèrè kò mọ ohun tó wà nínú kúlà. A bá yí padà. Èmi àti Sẹ̀kínát la jẹ ẹran náà tán. Ojú tì mí, n kò sọ fún ọ.

Kò pẹ́ sí i ni o pè mí, tí inú rẹ ń dùn. O ní o bi Jùwọ́n nípa ẹran náà, ó ní àwọn ayálégbé ní kí ó bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá onílé, pé ẹran náà rọ̀, ata rẹ̀ sì ṣe déédéé. Abdulbasit, ẹran náà ṣì wà láàárín eyín mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun tuntun ni wọ́n tún ṣe. Owó ń gba inú fóònù kọjá, mo ti fojú mi rí i. Àwòrán ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo wá ń bi ara mi bóyá ẹran náà ti ń gba ibẹ̀, tí a ó máa jẹ ẹ́ ní Ìlọ́bù tí adùn rẹ̀ á máa dé ẹnu àwọn tó wà ní Ìfọ́n. Mo béèrè lọ́wọ́ Látífàt tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta. Ó ní bí òun ṣe mọ̀ ọ́n, ti ẹran kò tíì dé.

Lọ́jọ́ ọjà Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, mo pàdé Rísíkátù, ọ̀rẹ́ mi ará Ìfọ́n tí a jọ wọ lọ́rì kan náà padà wálé lọ́dún tí wọ́n lé wa ní Gánà. Ẹ̀rìn la ti máa ń ríra báyìí, torí kò sẹ́ni tó máa wò wá lójú méjì níbẹ̀. Kí n tó lanu, òun ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ó ní Tàófíìkì ọmọ òun tó wà ní Kàdúná ra ilé tuntun kan tó fi ń gba owó ilé, ní Ìlọ́bù lọ́dọ̀ wa, lọ́wọ́ Jùwọ́n kan báyìí, pé kí n jọ̀ọ́ bá òun yọjú sí àwọn ayálégbé rẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde kó fi ilé náà hàn mí. Obìnrin aláṣọ funfun ló dúró níwájú rẹ̀, òun àti ajá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Mo mú tèmi náà jáde. A gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àpò gààrí. Rísíkátù ní bóyá obìnrin náà ní ọkọ méjì. Mo ní, ajá náà ńkọ́?

A wá pín iṣẹ́ náà láàárín ara wa. Mo lọ síbi tí wọ́n júwe fún Tàófíìkì ní Ìlọ́bù, oko ẹ̀gẹ́ ni mo bá níbẹ̀. Àbẹ̀ní tó ni oko náà ń ro ó lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ó rí ilé kan níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní kí n ní sùúrù, pé bí òun bá hú ẹ̀gẹ́ òun tán, bóyá òun á bá a lábẹ́ rẹ̀. Rísíkátù náà lọ wo tìrẹ ní Ìfọ́n. Ó ní ìpìlẹ̀ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

N kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo kàn ń béèrè ni. Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ Ìlọ́bù ni wọ́n ń ta ilé Ìfọ́n fún, tó jẹ́ ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n ń ta ti Ìlọ́bù fún? Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta ilé tí ìyá onílé kò ní lè lọ wò, ibo ni ì bá tún júwe? Ewúrẹ́ kì í sì í san owó ilé. Rísíkátù ní ó lè jẹ́ pé nínú owó tí Tàófíìkì san ni wọ́n ti ń bù fún ọ, kí wọ́n máa bù nínú tìrẹ fún Tàófíìkì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ́ ayálégbé ara yín, ẹ kàn ò tíì ríra ni.

Jùwọ́n ti pè mí pé òun ń mú ìwé oko obì bọ̀. Ó ní kí màmá má ṣèyọnu, òun á gbé tàdáwà tí wọ́n fi ń tẹ̀ka dání. Ó rò pé n kò mọ̀wé, èmi tí ẹ̀yin ọmọ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé n kì í jẹ àkàrà kí n má kọ́kọ́ ka bébà tí wọ́n fi wé e. N kò bá a jiyàn. Mo ní ọ̀bẹ gé àtàǹpàkò mi níbi tí mo ti ń gé ẹran Iléyá àwọn ayálégbé, kó jẹ́ kó jinná ná. Ó ní pẹ̀lẹ́ o, pé wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹran náà. Mo ti di àkísà mọ́ ìka náà, mo sì ń bẹ Ọlọ́hun kó forí jì mí, nítorí kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá rẹ kò fi àwòrán obì sílẹ̀ fún wa. Bí mo bá fọwọ́ kan igi rẹ̀, igi ni mo fọwọ́ kàn.

Ó wá ku owó tí mo fẹ́ tọrọ. Má fi ránṣẹ́ sí mi. Fún awakọ̀ tí yóò gbé ọ wálé. Rísíkátù yóò dúró dè wá ní Ẹ̀rìn, òun ni yóò mú wa wọ Ìfọ́n. Mo ti yan itan àgbò kan gbẹ, ti àwọn ayálégbé rẹ ni. Ìwọ ni wàá gbé e, èmi ni n óò kan ilẹ̀kùn. Bí ẹnìkan bá ṣí i, tó gbà á lọ́wọ́ wa, n óò tú àkísà yìí níbẹ̀, n óò sì fọwọ́ sí ìwé oko.

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ohun tí o fi òógùn wá. Kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé inú ayọ̀ rẹ. Yóò mú ọ délé kí itan yìí tó le jù fún eyín, torí ọkàn mi ń sọ fún mi pé àwa méjèèjì náà la máa jẹ ẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rúkáyátù.