Mi Ò Béèrè Lọ́wọ́ Alásè Kankan

Mi ò dé Lisbon rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ kí n tó tún pa á rẹ́... mi ò dé Lisbon rí, mi ò dé ìlú kankan ní Yúróòpù rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tí mo mọ̀ ní Jeddah ló ń gba ìmọ̀ràn ìrìn-àjò Yúróòpù lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìṣòro àwọn ẹlòmíì níbí. Mo máa ń dá wọn lóhùn, mo tilẹ̀ máa ń rọra tún àmì ohùn wọn ṣe nígbà míì (ẹ má bínú, iṣẹ́ tíṣà kì í tán lára). Lónìí, èmi ni mo nílò yín. Òní ni Àtìnì. Ní àárọ̀ Alàmísì, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ àgbàlagbà máa wọ bàálù lọ sí Lisbon. Wọ́n máa jẹ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ níbẹ̀, nítorí pé èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, opó ni mí, Mùsùlùmí sì ni mí. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Jeddah kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé ọmọ mi ọkùnrin ni mò ń gbé ní Al-Baghdadiyah, abẹ́ ìwé rẹ̀ sì ni ìqámà mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú, wà. Ní àràárọ̀ Sátidé, àwa obìnrin márùn-ún máa ń pàdé ní ilé kọfí kan létí òkun, a ó jọ jẹ oúnjẹ ìyálẹ̀ta tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní brunch... ẹyin, ẹ̀wà fúùlù, búrẹ́dì gbígbóná, tíì tí wọ́n fi ewé míǹtì sí. Ibẹ̀ ni mo ti kó sí wàhálà yìí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọ mi ní kí n lọ fi ọ̀sẹ̀ kan gbafẹ́ ní Lisbon. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo ayé. Mo ka ìwé, mo wo fídíò, mo ya àwọn òpópónà ìlú náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ni ní jọ́gíráfì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣàdúà fún mi nílé kọfí, Àlàájà Mónsúrátù, tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí gan-an, sì fún mi ní ṣáálì nínípọn kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn hun nítorí òtútù. Ó ku ọjọ́ méjì kí n gbéra ni ìwé ìrìnnà mi dé pẹ̀lú ìwé pélébé kan nínú rẹ̀. Mi ò rí físà gbà. Kí ló yẹ kí n ṣe? Ó yẹ kí n sọ fún wọn, àbí? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má rí físà gbà? Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Lẹ́yìn gbogbo àdúà yẹn, lẹ́yìn ṣáálì yẹn, kí n wá yọjú ní Sátidé kí gbogbo wọn máa ṣàánú mi... Mo di báàgì mi, mo wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n dípò pápákọ̀ òfurufú, Mẹ́kà ni mo ní kí awakọ̀ gbé mi lọ. Mo gba yàrá kékeré kan lọ́wọ́ obìnrin ará Sudan ní At-Tandabawi, ibẹ̀ ni mo sì wà fún ọjọ́ méje. Ọmọ mi nìkan ló mọ̀.

Àwọn èèyàn ń fi gbogbo ayé wọn tọrọ pé kí ojú àwọn rí Mẹ́kà. Èmi wà níbẹ̀, mo ń fi ibẹ̀ ṣe ibi ìsápamọ́. Mo ṣe ùmúrà, mo kírun nínú Mọ́sáláṣí Haram ní gbogbo wákàtí, mi ò pa èyíkéyìí jẹ. Ṣùgbọ́n láàrin Àsárì sí Màgàríbì, mo máa ń jókòó sórí mábù funfun nínú àgbàlá, màá gbé fóònù sábẹ́ híjáàbù mi, màá sì máa wá ibi tí wọ́n ti ń jẹ brunch ní Lisbon, kí n lè rí nǹkan sọ tí mo bá padà. Obìnrin kan tó jókòó tì mí rò pé Kùránì ni mò ń kà. Ó rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó má baà dí mi lọ́wọ́. Mi ò gbàgbé obìnrin yẹn títí dòní.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní àwòrán dà? Mo ní wọ́n jí fóònù tí mo fi yà á nínú tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú ibẹ̀. Nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi ni fóònù ọ̀hún wà. Gbogbo wọn pariwo, wọ́n bá mi kẹ́dùn, láti ọjọ́ náà ló sì ti di ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ mi: ẹ gbé báàgì yín kọ́ àyà nínú tíráàmù, ẹ má gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Òótọ́ sì ni. Èmi tí mò ń sọ ọ́ ni irọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Àlàájà Mónsúrátù jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí mi ò fi lè sùn. Al-Ammariyah níbí ní Jeddah ni wọ́n bí wọn sí. Bàbá bàbá wọn ló rìn wá ṣe Hájì láti Ìwó láyé ọjọ́un tí kò padà sílé mọ́. Yorùbá tí wọ́n ń sọ ti àwọn bàbá wọn ni, pẹ̀lú Lárúbáwá láàrin rẹ̀, bí inú bá sì ń bí wọn, Lárúbáwá nìkan lẹ ó máa gbọ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí mo wà nínú ìdáà opó, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé abọ́ oúnjẹ wá fún mi, wọ́n á jókòó tì mí títí màá fi jẹ ẹ́ tán. Ẹnu wọn le púpọ̀ lórí hàláàlì. Wọn kì í jẹun níta àyàfi tí wọ́n bá mọ ẹni tó pa ẹran. Ní gbogbo Jeddah, ilé ẹni mẹ́ta péré tí kì í ṣe ọmọ wọn ni wọ́n ti ń jẹun láì béèrè nǹkan kan. Ilé mi jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo padà dé, nígbà tí mo ń ṣàlàyé gbogbo òkè àti gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Lisbon fún wọn, Àlàájà wò mí, wọ́n ní, "Tíṣà, gbogbo òkè tẹ́ ẹ gùn yìí, kí lẹ jẹ níbẹ̀?" Mo ní ilé kọfí kan wà nísàlẹ̀ òkè tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé (mo ti rí i nínú fídíò), pé wọ́n máa ń gbé ẹyin sórí búrẹ́dì pẹ̀lú ẹran pẹlẹbẹ tí wọ́n fi èéfín yan. "Ẹran kí ni?" Ibẹ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibẹ̀ gan-an ni. Kí ló dé tí mi ò sọ pé ẹyin nìkan ni mo jẹ? Kí ló dé tí mi ò sọ pé mi ò fọwọ́ kan ẹran náà? Gbogbo ojú wà lára mi, mo sì gbọ́ ohùn ara mi, ohùn tí mo fi ń kọ́ni: "Tòlótòló ni, Àlàájà. Mo wọ ilé ìdáná wọn, mo béèrè lọ́wọ́ alásè fúnra mi. Wọn kì í se ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí ni wọ́n ti ń ra ẹran." Wọ́n ní, "Màṣáállà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ béèrè, ó ti parí nìyẹn."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́, ojú ewé mẹ́rin, mo fa ìlà sábẹ́ àwọn àkòrí. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, nítorí òkúta ojú ọ̀nà ibẹ̀ ń dán. Búrẹ́dì àti èso ólífì tí wọ́n bá gbé síwájú yín láì jẹ́ pé ẹ béèrè, wọn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ rọra dá a padà tí ẹ kò bá fẹ́. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣeé mu. Ẹ tètè dé ilé kọfí lọ́jọ́ Sunday, torí ìlà máa ń gùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí mo ṣe máa ń yẹ ìdánwò wò. Àfi ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ alásè. Wọ́n pín in lórí WhatsApp, àwọn tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi.

Ní oṣù tó kọjá, Súlíyà, tíṣà ọ̀dọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Lisbon. Ó padà dé, ó sáré wá bá mi pẹ̀lú àwòrán. "Mummy, ilé kọfí yín! Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ. Tòlótòló yẹn dùn ju ti ibí lọ!" Mo gba fóònù náà, mo fi ìka méjì fẹ àwòrán yẹn lójú... ẹran náà pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀rá funfun sì yí etí rẹ̀ ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti se tòlótòló rí, ṣé ẹ rí ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀? Mo ní ó mà dára o. Bó ṣe jáde báyìí, mo wá ìwé oúnjẹ ilé kọfí náà lórí fóònù. Kò sí tòlótòló níbẹ̀. Kò sí i rárá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó máa rí i. Kò sẹ́ni tó wò ó, nítorí pé Tíṣà ti béèrè.

Ní Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá dé ojú ẹ̀. Àlàájà pé àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wọn sì ní kí wọ́n lọ rí ibòmíràn yàtọ̀ sí Jeddah, Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà kó tó rẹ̀ wọ́n jù. Lisbon ni wọ́n mú, nítorí ojú ewé mẹ́rin mi. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, Gàídá, ló máa sìn wọ́n lọ. Ọmọ yẹn tẹ̀ lé wọn wá sílé kọfí, ó fi Lárúbáwá sọ pé òun máa wá àwọn ilé oúnjẹ hàláàlì ní Lisbon lórí fóònù. Ọkàn mi fò sókè. Mo ní, Yá Ọlọ́hun, jẹ́ kó wá a, jẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀. Àlàájà gba fóònù náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Kàláàsì, ó tó, ọmọ yìí! Fóònù lo fẹ́ gbà gbọ́ àbí ẹni tó wọ ilé ìdáná?" Wọ́n wá yọ ìwé mi jáde nínú báàgì, wọ́n ti fi ike bò ó. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà kékeré sí alásè náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí n sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi ni àwọn, pé àwọn máa mú dàbínù Mẹ̀dínà dání fún un, nítorí pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu Mùsùlùmí nílẹ̀ àjèjì yẹ kéèyàn kí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa ní, "Àlàájà, ẹ má lọ fẹ́ alásè yẹn lọ́hùn-ún o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àlàájà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bó bá mọ oúnjẹ sè dáadáa, àwọn á rò ó.

Mo kọ lẹ́tà náà. Ẹ gbọ́ mi? Mo mú bírò, mo kọ lẹ́tà sí ọkùnrin tí kò sí láyé, mo fi dátì sí i, mo sì buwọ́ lù ú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Àlàájà, tí mo sì ń pa á rẹ́. Ọmọ mi ní, "Mummy, ẹ kàn sọ pé ilé kọfí yẹn ti yí ọwọ́ padà, pé alásè yẹn ti lọ. Ó tán." Ó dùn ún gbọ́, àbí? Àlàájà kò ní jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n irọ́ mìíràn ni màá tún fi bo ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì tún máa ṣàdúà fún alásè náà níbi tó bá lọ. Súlíyà ńkọ́? Kò mọ̀ nígbà tó jẹ ẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, èmi ni mo mọ̀. Ṣé kí n wá fi ìmọ̀ náà dà á láàmú ni, àbí kí n jẹ́ kó máa dárúkọ ibẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì? Bí mo bá sì sọ gbogbo òótọ́, ṣé Àlàájà á tún jẹun nílé mi? Tí mo bá ní ẹran yìí, ọ̀dọ̀ alápatà wa ni mo ti rà á, ta ló máa gbà mí gbọ́? Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì fún ọdún méjìdínlógún ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó bá fẹ́ kọ pé oúnjẹ lásán ni, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un kà láti òkè. Àwọn tó bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ fi ìmọ̀ràn sí ìparí rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ní kánkán ni pé Àlàájà pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ní ọ̀túnla, Alárùba, lẹ́yìn Àsárì, àwọn ń bọ̀ wá jẹun nílé mi kí àwọn tó rìnrìn àjò, pé ìrẹsì àti ẹran àgùntàn mi ni ẹnu àwọn ń fẹ́, kí n má sì ṣe wàhálà púpọ̀. Mo ní ẹ máa bọ̀, Àlàájà. Mo ti ra ẹran náà. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín... ṣé kí n sọ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n jẹun nílé mi lẹ́ẹ̀kan sí i ná?