Òkúta Mẹ́tàlélógún ní Pápá Etí Odò

Ilé Hanrahan,
Ọ̀nà Afárá Àtijọ́,
Glanmurra,
Ireland.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2024.

Alága Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fọwọ́ sí Ilé Kíkọ́,
Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀,
Kilvarna.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE FỌWỌ́ SÍ ỌGỌ́SÀN-ÁN ILÉ TÍ WỌ́N FẸ́ KỌ́ SÍ ÀFONÍFOJÌ GLANMURRA

1. Opó ni mí, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Láti ọdún 1962 tí Malachy Hanrahan ti gbé mi níyàwó wá sí àfonífojì yìí, n kò gbé ibòmíràn. Ẹ ti gba ìwé tí àwọn aládùúgbò mi kọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ: odò máa ń kún bo pápá náà ní oṣù Èrèlé ọdọọdún, katakata méjì kò lè gba ara wọn kọjá lójú ọ̀nà wa, yàrá méjì péré ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní. Mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí kò sí nínú ìwé yẹn.

2. Ní ojú ewé kọkànlélógójì nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ akọ́lé fi ránṣẹ́ sí yín, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn òkúta funfun tó wà ní igun pápá etí odò kò já mọ́ nǹkan kan, pé àgbẹ̀ ló ṣà wọ́n jọ nígbà tó ń ro oko, àti pé ìyá àgbà kan tó ti pẹ́ ládùúgbò jẹ́rìí sí i. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kòtò tí omi ẹ̀gbin yóò máa gbà. Ẹ̀yin Ọ̀gá, èmi ni ìyá àgbà náà. Irọ́ ni mo pa.

3. Ọkùnrin tó wá wọn ilẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ó nu bàtà rẹ̀ kó tó wọlé, ó mu tíì mi, ó jẹ búrẹ́dì mi, ó sì tún tọrọ sí i. Ó ní, “Màmá, ṣé ohun kan wà ní pápá yẹn tó yẹ ká mọ̀?” Mo ní, “Òkúta lásán ni, ọmọ mi. Jẹun rẹ jàre.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe máa ń dáhùn níbí nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, bóyá ìyá ọkọ tirẹ̀ ló kọ́ òun náà. Kò sí àgbẹ̀ tó ro igun yẹn rí. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á kàn yí katakata wọn padà, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí.

4. Ìdí rẹ̀ rèé. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1963, òjò dídì bo gbogbo ọ̀nà. Malachy fẹsẹ̀ rìn lọ pe agbẹ̀bí. Èmi nìkan ni mo wà nílé nígbà tí ọmọ dé, obìnrin. Ó mí fún ìgbà díẹ̀, kò mí mọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè da omi sórí ọmọ kó ṣèrìbọmi fún un bí kò bá sí àlùfáà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ife omi wà lórí tábìlì. N kò lè dìde. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tí kò bá ṣèrìbọmi kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ. Nítorí náà, Malachy fi ṣẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó rẹ̀ wé e, ó gbé e lọ sí pápá etí odò, níbi tí àwọn bàbá mìíràn ti gbé tiwọn lọ ṣáájú rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n tẹ̀ lé e. Nígbà tó padà dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: “Òkúta kẹta ni, láti ìdí igi ẹlẹ́gùn-ún.”

5. Àwọn aládùúgbò wá kí mi. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Lóòótọ́, agbè kò fọ́: mo bí Declan lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, mo sì bí méjì sí i. Declan ni gbogbo ènìyàn kà sí àkọ́bí mi, Ìyá Declan ni wọ́n ń pè mí títí di òní. Èyí àkọ́kọ́ kò lórúkọ nínú ìwé kankan. Mo ní orúkọ kan lọ́kàn fún un, ṣùgbọ́n n kò pè é síta rí, n kò sọ ọ́ fún Malachy pàápàá. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo ti ń wo igun yẹn láti ojú fèrèsé ilé ìdáná mi. Ó ń dùn mí o. Ó ń dùn mí bí ẹni pé àná ni.

6. Mẹ́tàlélógún ni àwọn òkúta náà. N kò lè sọ tàwọn tó kù. Ọ̀pọ̀ ìyá wọn ti lọ, àwọn tó wà láàyè á sọ tẹnu wọn bí wọ́n bá lè sọ ọ́. Kí Malachy tó kú, ó ní, “Attracta, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o.” Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Ìtìjú níwájú àlejò ni mo fi ba ẹ̀jẹ́ náà jẹ́.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé ẹ̀rí mi tó wà ní ojú ewé kọkànlélógójì. Ẹ rán ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ìsìnkú wá, kó wò ó láìfi ṣọ́bìrì kàn án. N kò ní kí ọmọ ọlọ́mọ má rílé gbé. Declan fúnra rẹ̀ ń háyà ilé ni. Ilẹ̀ mìíràn wà lẹ́bàá Kilvarna. Bí wọ́n bá ní ìyá àgbà yìí ló kúkú sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ó ti sọ òtítọ́ báyìí, ó sì ti fi orúkọ tó yẹ kó ti máa jẹ́ látọjọ́ yìí buwọ́ lù ú.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ arúgbó dé ìhín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Attracta Hanrahan,
Opó Malachy Hanrahan,
Ìyá Bríd.