Orin tí Bàbá Làsísì Fi Ohùn Bò

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ayọ̀tọ́lá,
Ọgbà, Ìkẹjà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1981.

Damaris, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi gbá òkúta lóko ti san? Olúwalóṣèyí ńkọ́, tí o ní ó ti fẹ́ ga jù ọ́ lọ? Bá mi kí Màmá ní Ìkẹ́rẹ́. Mo gbà pé ọyẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín tí orúnkún yóò fi máa dùn wọ́n. Àwa náà wà dáadáa níbí. Ọ́fíìsì wa ní Aláúsá gbóná, iná ń lọ, iná ń bọ̀, fáìlì ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ara le, a sì dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹsàn-án tẹ̀ mí lọ́wọ́. Má bínú pé n kò tètè dáhùn. Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí n kò fẹ́ sọ fún ọ ní ààbọ̀. Àná ló parí.

Ṣé o rántí Armand Tessaroux? Ará Faransé tó ṣe orin inú fíìmù ìyá awakùsà, èyí tí a wò ní Ifẹ̀ ní ọdún kejì wa. Nígbà tí a jáde, ìdí dùùrù ilé ìsìn lo gbà lọ tààrà, o ń fi ìka kan wá ohùn mẹ́rin kan kiri, títí ẹni tó ń tọ́jú ilé náà fi ní òun fẹ́ ti ìlẹ̀kùn. Fíìmù yẹn náà ni mo tún bá pàdé níbí.

Ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan, láàárín Ìkẹjà àti Agége, gbọ̀ngàn kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta jọ ń lò. Ní ọ̀sán Sátidé, bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fi páálí bísíkíìtì dí gbogbo fèrèsé, wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, Bàbá Làsísì á sì fi fíìmù hàn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Òórùn bọ́tà àti ṣúgà kì í kúrò lára páálí wọ̀nyẹn. Ebi a máa pa mí nígbàkígbà tí mo bá débẹ̀. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbé mi lọ. Ọ̀gá wa ní kí n kọ ìtàn ọkọ̀ sinimá ọ̀fẹ́ tí ìjọba máa ń gbé kiri abúlé, Bàbá Làsísì sì ni wọ́n pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà nínú àwọn tó ṣì wà láàyè.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. Fíìmù á máa sọ èdè òyìnbó, ọkùnrin kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ pẹ̀lú máìkì, á máa túmọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Làsísì kì í túmọ̀ lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ yí ohùn fíìmù wálẹ̀ títí kò fi ní ju kíkùn eṣinṣin lọ, wọ́n á wá gba gbogbo rẹ̀ sọ fúnra wọn. Wọ́n á ṣe ohùn ìyá, wọ́n á ṣe ti ọmọ, wọ́n á ṣe ti ọ̀gá àwọn awakùsà. Bí ajá bá kọjá, wọ́n á sọ ohun tí ajá ń rò.

Nínú fíìmù tiwa yìí, nígbà tí ọmọ bá jókòó láàárọ̀ tó ń so okùn bàtà kó tó lọ síbi ìwakùsà, Bàbá Làsísì á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, bàtà rẹ wúwo ju ọpọlọ rẹ lọ! Abẹ́ ilẹ̀ lò ń lọ ni, àbí ilé àna?” Gbọ̀ngàn á dàrú fún ẹ̀rín. Nígbà tí ó bá sì di ibi tí ìyá ti wà nídìí àwo oúnjẹ lẹ́yìn tí ihò ìwakùsà ti wó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní ẹkún ìyá. Àwọn ló ṣe é fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ìdárò odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn obìnrin a máa ti Ìjú wá nítorí rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni.

Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Abẹ́ àwàdà bàtà yẹn ni ọmọ náà ti ń súfèé ohùn mẹ́rin. Abẹ́ ẹkún ìyá ni ohùn mẹ́rin náà ti ń padà bọ̀. Mo mọ̀, n kò sì sọ. Mo ní ta ni mí tí n ó máa kọ́ àgbà ní iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe?

Ní oṣù tó kọjá, Àlàbá, alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ibẹ̀ ti ń ṣòfò. Àwọn èèyàn ti ń ra tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó sì ń wá, púpọ̀ nínú wọn a máa dìde lọ kí fíìmù tó dé ìdajì. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì sì ń wá ibi tí wọn yóò máa kó páálí sí. Ó wá dá ọjọ́: Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá. Bí gbọ̀ngàn bá ṣófo kí fíìmù tó parí, páálí ni yóò wọlé lọ́jọ́ Ajé. Bàbá Làsísì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá awakùsà ni àwọn máa fi hàn, àwọn á sì sun ẹkún ìyá débi pé Àlàbá fúnra rẹ̀ yóò máa wá ẹni tí yóò yá òun ní áńkáṣíìfù.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ọ̀fun wọn wú. Dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kì báà ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sátidé náà, mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ wọn, ìwé àwọn ọmọléèwé kan wà lórí itan wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé: “Ìyá Akọ̀wé, ó ti parí. Ta ni yóò jókòó wo fíìmù tí kò sọ̀rọ̀?”

Ìgbà náà ni mo tó sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ tipẹ́. Mo ní, “Bàbá, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ẹ yí ohùn rẹ̀ sókè.” Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ní kí wọ́n fi iyọ̀ sí tíì òun.

Kò sáà sí ọgbọ́n mìíràn. Ní Sátidé, wọ́n yí ohùn náà sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Èdè Faransé gba gbọ̀ngàn kan. Sìlífátù, obìnrin tó ń di bísíkíìtì sínú páálí tó sì mọ gbogbo àwàdà Bàbá lórí, kígbe láti iwájú pé, “Bàbá, àìsàn ẹ̀rọ yín mà ju tiyín lọ o!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà jókòó tó ń so okùn bàtà, mo rí i pé àwọn kan ti la ẹnu sílẹ̀ de àwàdà. Ìsúfèé ni wọ́n gbọ́: ohùn mẹ́rin, èyí tó kẹ́yìn sì dúró lókè láìbalẹ̀, bí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń jáde lọ ní òun á parí bí òun bá dé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ Tessaroux lọ́jọ́ yẹn, nítorí ní Ifẹ̀, ẹkún kò jẹ́ kí n ríran dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi aago ọwọ́ mi wọ̀n ọ́n. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni fíìmù náà. Orin inú rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí ihò wó, kò fi orin sí i. Nígbà tí àwọn obìnrin ń sáré lọ síbẹ̀, ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan ló jẹ́ ká gbọ́. Nígbà tí ọ̀gá awakùsà ṣí fìlà tó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà, ibi tí ẹlòmíràn ìbá ti da ogún gòjé òyìnbó lé wa lórí, ó dákẹ́ síbẹ̀. Ìyá fọ àwo. Ó nù wọ́n. Bí ìṣe rẹ̀, ó gbé méjì ka orí tábìlì, ó wo èkejì, ó sì dojú rẹ̀ dé. Ibẹ̀ gan-an ni gòjé ńlá kan, tí ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti àgbàlagbà ọkùnrin, ti mú ohùn mẹ́rin tí ọmọ náà ń súfèé. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, ó fi ọ̀kan kún un. Ohùn karùn-ún yẹn ló balẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ẹni tó ń súfèé kò ní padà wálé mọ́. Ohùn karùn-ún yẹn ló sọ ọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, Damaris. Ará Faransé ni Tessaroux, ṣùgbọ́n ó bá wa lò bí ọmọlúwàbí.

Kò sí ẹni tó dìde. Sìlífátù fi etí ìró bo ẹnu. Nígbà tí fíìmù tán, tí ìdí okùn fíìmù ń na ara ẹ̀rọ pá-pá-pá, Bàbá Làsísì kò pa ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan yíjú sẹ́yìn, ó ní, “Alága, páálí yín ńkọ́?” Àlàbá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ní, “Ẹ jẹ́ kí òjò pa á.”

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Kò parí. Bàbá Làsísì fa ìwé wọn yọ, wọ́n kọ ọ́ pé: “Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọkùnrin tó ṣe orin yìí lẹ́nu.” Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé àpótí fíìmù fún Àlàbá, wọ́n sì lọ sílé. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n wò ní Onígbòǹgbò, wọ́n kọ ọ́ fún mi pé fíìmù ti rí ẹnu, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi àwọn ṣe? Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, gbọ̀ngàn wà ní títì. N kò sùn dáadáa, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n yí ohùn náà sókè.

Sìlífátù ló tún un ṣe. Ó lọ bá wọn nílé, èmi náà wà níbẹ̀, ó ní, “Bàbá, òótọ́ ni pé a sunkún. Ṣùgbọ́n a ò mọ ẹni tí à ń sun ún fún! Èmi ní ọmọ ìyá náà ni, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Àwọn ará ilé iṣẹ́ ike tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ní ọkọ rẹ̀ ni. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ṣé gòjé ló máa wá bá wa la ìjà náà?” Bàbá Làsísì rẹ́rìn-ín, ọ̀fun sì dùn wọ́n.

Àná ni wọ́n padà. Dókítà ti ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa ṣọ́ ọ lò. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ sọ fún wa pé ìyá nìyí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nìyí, bàbá ọmọ náà ti kú sínú ihò kan náà. Àwàdà bàtà, wọ́n tètè dá a kí ọmọ náà tó jókòó, wọ́n sì dákẹ́. Ìsúfèé wọlé bí àlejò tí wọ́n ti yẹ àga fún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ, wọ́n ń sọ díẹ̀, wọ́n ń yà fún un, títí ìyá fi gbé àwo kalẹ̀. Wọ́n gbé máìkì sórí àpótí, wọ́n sì jókòó.

Sìlífátù ló kígbe, “Bàbá, ẹkún ìyá dà?”

Wọ́n dá a lóhùn láìlo máìkì: “Ẹni tó ni ín ló fẹ́ sun ún yẹn. Ẹ gbọ́ ọ.”

Ìyá dojú àwo dé. Gòjé wọlé.

Mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí Rachael àti gbogbo ẹ̀yin olùkọ́ ilé ìwé yín. Jọ̀wọ́, fi do-re-mi kọ ohùn márààrún náà ránṣẹ́. Bàbá Làsísì fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń súfèé rẹ̀. Wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ léèrè, ìwọ àti èmi tí a ti gbọ́ orin yìí láti Ifẹ̀: kí ni à ń dúró dè láti ọjọ́ yìí tí a kò sọ fún àwọn? Bí o bá rí ìdáhùn, kọ ọ́ mọ́ do-re-mi náà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Oyinadé