Má Fi Ọ̀bẹ Mi Bó Wáyà Mọ́

Àbígbẹ̀yìn mi,

Má fi ọ̀bẹ mi bó wáyà mọ́. Mo ti jù ú nù.

Aránṣọ pè mí láàárọ̀ yìí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí èmi àti ìwọ fi sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbiná, ó sì jó o lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní, "Bàbá, mo mọ iṣẹ́ yín. Ọmọbìnrin yín ló bà á jẹ́." Mo tú u wò. Ọ̀bẹ ti gé fọ́nrán mẹ́ta nínú wáyà náà, irin tí mo fi ẹ̀mú tẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ sì ti tú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo wí bẹ́ẹ̀, ó ní mò ń bò ọ́ láṣìírí ni. Mò ń padà lọ bá a, kí ó lè gbà pé èmi ni.

Ra irinṣẹ́ ìbówáyà tí ihò ẹnu rẹ̀ bá ìwọ̀n wáyà mu. Ra èyí tó ń tẹ irin mọ́ wáyà pẹ̀lú, irú tí kì í yanu àyàfi tó bá tẹ̀ ẹ́ dópin. O bẹ̀ mí lọ́dún tó kọjá, mo ní irinṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Má bínú.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ọ̀bẹ yẹn ṣiṣẹ́. N kò mọ iye ilé tí mo fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sí.

Má tan iná yàrá rẹ. Èmi ni mo fa wáyà ibẹ̀.

Bàbá rẹ.